Ọdún Méjìdínlógójì Láàárín Onímọ̀ àti Ará Ìlú

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin kan tí kò jìnnà sí ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá, nítorí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Mo sọ fún un pé ẹni tí iṣẹ́ ti dùn dé ọkàn ló yẹ kó bẹ̀ lọ́wẹ̀ irú èyí, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Mà, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí." Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bó ṣe rí ni mo fẹ́ kọ. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ ìwúrí, àwọn mìíràn á kọ tiwọn.

Ògbufọ̀ ni mí. Kì í ṣe ti kóòtù, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àwọn olùkọ́ yunifásítì kan àti àwọn ayàwòrán kan para pọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílùú wa. Èrò wọn ni pé kò yẹ kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jókòó sínú ọgbà yunifásítì bí ọmọ tí wọ́n fi pamọ́. Ìlú dé ìlú la máa ń lọ. Ayàwòrán yóò ti ya ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sí ara aṣọ funfun ńlá, a ó ta á sí ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú tàbí láàárín igi méjì. Onímọ̀ yóò dìde, yóò ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú: wọn yóò bèèrè, wọn yóò jiyàn, nígbà mìíràn wọn yóò bú wa. Àpérò là ń pè é. Èmi ni mo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onímọ̀ fún ará ìlú, tí mo sì ń gba ti ará ìlú fún onímọ̀. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀hún bá Gẹ̀ẹ́sì wọ inú orí wọn ni, kò mọ ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà jáde.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà, àwọn oníbàárà rẹ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, kò sì tó nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Odùsànyà. Ògbufọ̀ kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ó máa ń sọ pé ní kóòtù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ògbufọ̀ bá ṣì gbé lè sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Ọdún méjì gbáko ni kò jẹ́ kí n la ẹnu láàárín àwùjọ. Gbohùngbohùn ni mò ń gbé, tí mo sì ń ká aṣọ àwòrán. Lónìí, ó lè rán mi lọ sí ẹbu gàrí kí n lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Lọ́la ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Bí mo bá dé, ìbéèrè ni.

Mo rántí ọjọ́ kan tó bi mí pé, "Kí ni wàá pe tẹmómítà?"

Mo ní, "Ìwọ̀n ooru ara, sà." Inú ìwé ni mo ti rí i, inú mi sì dùn sí i.

"Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín?"

"Kò sí, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Kí ni òun ń pè é?"

"Wọ́n ń pè é ní ohun tí nọ́ọ̀sì ń tì bọ abẹ́ abíyá, sà."

Ó ní, "Ó parí. Ohun tí ìyá rẹ bá ń sọ ni kí o máa sọ."

Bí a bá wà ní ìgbèríko, kò fẹ́ kí n máa sọ Yorùbá ilé-ìwé lé àwọn àgbà lórí. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe ilé ní ulé, ulé ni kí n pè é. Ó ní ẹni tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò jọ tilé rẹ̀ máa ń dákẹ́, ẹni tó bá sì dákẹ́ ní àpérò, a kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ni tàbí ó sùn.

Ọdún kẹta ló gbà kí n sọ̀rọ̀, ní Ìbẹ̀fun. Onímọ̀ ọjọ́ náà, Dókítà kan, ń sọ nípa ẹ̀fọn. Ó ní abo nìkan ló ń jẹni. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo wá fi tèmi lé e: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé ẹ ò ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn náà. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ènìyàn bí ẹ̀rín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fà. Nígbà tí a parí, ọ̀gá mi pè mí sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ṣé Dókítà ló sọ èyí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín yẹn?"

"Rárá, sà. Mo kàn fi dá wọn lára yá ni."

Kò pariwo. Ó ní kí n padà sí Ìbẹ̀fun lọ́jọ́ kejì lémi nìkan, kí n máa wọ ilé dé ilé, kí n sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá rántí pé ó rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti Dókítà. Mo lọ. Àwọn kan rò pé orí mi ti dàrú. Nígbà tí mo dé, ó sọ òfin iṣẹ́ wa fún mi: "Ohun tí onímọ̀ kò bá sọ, ìwọ kò gbọ́ ọ. Ohun tí onímọ̀ kò bá mọ̀, ìwọ kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ní bóyá, bóyá ni kó jáde lẹ́nu rẹ."

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé kò sí ọjọ́ rere. Ó wà. Ní Ìmùṣin, onímọ̀ ilẹ̀ kan ń ṣàlàyé ìdí tí ewé ẹ̀gẹ́ fi ń ká kò. Wàhábì, ayàwòrán wa, ya ilẹ̀ tí a là sí méjì bí ẹni la búrẹ́dì, gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ wà nínú rẹ̀. Onímọ̀ ní ilẹ̀ ló ti ṣá. Bàbá àgbẹ̀ kan dìde, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé ilẹ̀ kan náà ni mo gbin oríṣi ẹ̀gẹ́ méjì sí. Ewé ọ̀kan ká kò, ti èkejì dára. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, ṣé ilẹ̀ ń ṣe ojúsàájú ni?" Mo túmọ̀ rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò. Onímọ̀ mú bírò, ó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó lọ jókòó ti bàbá náà, ó ń kọ ohun tó ń sọ. Ọ̀gá mi wò mí láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà kan ṣoṣo tó yìn mí nìyẹn.

Mo ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi ti dàgbà, ilé ló máa ń jókòó sí. Èmi ni wọ́n ń pè ní ògbufọ̀ àgbà. Ohùn mi ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá.

Ìlú kékeré kan wà ní apá Odògbolù. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ń bá àwọn ọmọdé ibẹ̀ jà, méjì sì ti kú. Ẹgbẹ́ wa ní kí Dókítà Ẹ̀tìm, ọmọ Kàlàbá tó ń kọ́ni ní yunifásítì, lọ yẹ omi wò. Kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bu omi nínú kànga mẹ́ta sínú ìgò. Ó rí kòkòrò àìfojúrí nínú ìgò kan, ṣùgbọ́n ó ní bóyá inú garawa tí wọ́n fi fa omi náà ni ìdọ̀tí wà, kì í ṣe inú kànga. Ó ní òun yóò tún un yẹ̀ wò, òun kò sì ní dárúkọ kànga kankan kí ó tó dá òun lójú.

Ọjọ́ àpérò, ìlú tú jáde. Wàhábì ti ya abẹ́ ilẹ̀: ṣáláńgá lápá kan, kànga lápá kejì, omi ń rìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láàárín méjèèjì. Kí àwòrán náà lè jọ ojú ayé, ó ya igi fúrúùtù kan sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Igi tó rí lọ́jọ́ tó wá wo ìlú ló yà, kò ní ohun kan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kànga kan ṣoṣo ló ní igi fúrúùtù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlú náà, ti Ìyá Sàfúrà ni, opó kan tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá fa omi. Mo ń rí i tí àwọn ènìyàn ń nawọ́ sí igi náà, mo rò pé àwòrán ló wù wọ́n.

Dókítà Ẹ̀tìm sọ̀rọ̀ dé ibi ìdọ̀tí. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé ìdọ̀tí. Ọkùnrin kan ní iwájú ní, "Ìdọ̀tí kì í pa aláwọ̀ dúdú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ méjì ti kú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń ran ẹni tó wà lẹ́yìn. Mo rí i pé àwùjọ ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀, n kò lè sọ pé àánú àwọn ọmọ nìkan ló ṣe mí. Ó dùn mí pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu, mo ní, "Májèlé ni. Omi inú kànga yẹn, májèlé ni."

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Dókítà Ẹ̀tìm mi orí sí mi, ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára.

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kú wá dìde. Kò pariwo. Ó ní, "Ta ló fi síbẹ̀?"

Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá. Ìdọ̀tí máa ń ṣèèṣì bọ́ sínú omi. Májèlé kì í ṣèèṣì; ọwọ́ ènìyàn ló ń fi í síbẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe kí obìnrin náà tó jókòó. Mo ní, "Ẹ dúró, ìyẹn kọ́ ni Dókítà sọ, ó ní bóyá," ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ti ń jáde, ẹnikẹ́ni kò dúró gbọ́ bóyá. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi ti balẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi bíríkì fífọ́, igi àti yẹ̀pẹ̀ dí kànga Ìyá Sàfúrà títí dé ẹnu. Wọ́n gé igi fúrúùtù. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń pè é ní apọmọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Èkó lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ. Nígbà tí Dókítà Ẹ̀tìm padà wá láti tún omi yẹ̀ wò, kò sí kànga tí yóò yẹ̀ wò mọ́. Àwọn ọmọdé ṣì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Títí di òní, a kò mọ̀ bóyá inú kànga yẹn ni àbí inú garawa.

Ọ̀gá mi ní kí wọ́n gbé téèpù àpérò náà wá fún òun, nítorí a máa ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà. Mo jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé ibi tí mo ti sọ májèlé, ó dá a dúró, ó yí i padà, ó tún gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Ìwọ lo sọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé Dókítà sọ ọ́?"

"Rárá, sà."

Mo ń retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó yọ téèpù náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "N kò kọ́ ẹ dáadáa." Kò tún sọ̀rọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú mi mọ́ títí ó fi kú.

Ó pé ọdún kan kí n tó ní ìgboyà láti lọ bá Ìyá Sàfúrà ní Èkó. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà, síbẹ̀ mo lọ. Ó wà lórí àga kékeré nínú yàrá kan ní ilé ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ó ní, "Mo mọ ohùn ẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ohùn ẹ dùn."

Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kò sí májèlé nínú kànga yín. Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó ní, "Kò sí?"

"Kò sí, Ìyá."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú ẹni tó lè kórìíra mi tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló sọ sí mi lọ́kàn, a ti jà nítorí ilẹ̀ rí. Mo ránṣẹ́ sí i pé òun ló ṣe é. Ó wá síbí, ó ń sunkún, n kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó kú nínú ààwẹ̀ tó kọjá."

Mo dojú bolẹ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Ó ní, "Dìde. Má sọ fún ẹlòmíràn mọ́ pé kò sí. Bó bá jẹ́ pé kò sí, kí ni mo wá ṣe fún àbúrò mi?"

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn ni. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo di ògbufọ̀ tó péye, tí kì í yọ bóyá kan kúrò, tí kò sì dùn ún gbọ́ mọ́. Àwọn ènìyàn ń sùn bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ń dínkù. Aṣọ tí Wàhábì ń yà ti di báńà tí wọ́n ń tẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó lọ ń kun ara ọkọ̀ akérò, ojú rẹ̀ sì fọ́ nígbẹ̀yìn. Kàsẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri dé, fóònù dé. Àpérò kúrò ní gbọ̀ngàn ìlú, ó bọ́ sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Àwọn tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè wá gbọ́ ọ. Wọn a ya fọ́tò, wọn a jẹ ìrẹsì, wọn a lọ. Ó pẹ́ tí àgbẹ̀ kan ti dìde láti jiyàn.

Níbi tí wọ́n ti dá mi lọ́lá fún ìfẹ̀yìntì, ìjókòó iwájú ni wọ́n fi mí sí. Kọ̀ǹpútà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó ń gbé Yorùbá rẹ̀ sára ògiri. Onímọ̀ ń sọ nípa àwọn ohun wínníwínní tó para pọ̀ di ara wa, tí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí mo kà lára ògiri ni pé, "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀wọ̀n ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, ara wa sì ń kọ́ tuntun lójoojúmọ́." Sẹ́ẹ̀lì ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kọ̀ǹpútà fi í pè. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bèèrè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ní ọdún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ ní Odògbolù sọ fún mi pé ìlú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti lé àwọn elétò ìlera lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn ọmọ ń kú sí àrùn tí kò yẹ kó pa ọmọ mọ́. Ó ní wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ onímọ̀, pé àwọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. N kò pe ẹnikẹ́ni mọ́ra. Ilé kìn-ín-ní tí mo kàn, ọmọbìnrin kan ló jáde sí mi, ó pọn ọmọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un, pé abẹ́rẹ́ náà kì í pa ọmọ, pé mo ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, pé èmi fúnra mi lè bá a lọ.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú àwọn yín bá wa sọ̀rọ̀."

Mo ní, "N kò gbé abẹ́rẹ́ wá, ọmọ mi. N kò gbé ẹ̀rọ, n kò gbé ìwé. Ẹnu lásán ni mo gbé wá."

Ó wo ilẹ̀ díẹ̀, ó ń mi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹnu náà gan-an ni wọ́n ń sọ, Mà," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.